Àdúgbò Wo Ni Kí Àlejò Wọ̀ Sí ní Ìlú Pánámà?

Lẹ́tà mẹ́ta tí ó jọ mọ́ ara wọn ni a mú dáhùn ní ojú ewé ìbéèrè àti ìdáhùn ti oṣù yìí. Méjì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹyọ kan wá láti Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò sí Ìlú Pánámà, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Pánámà ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ni gbogbo wọn sì dá lé. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, a sì fi orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n pamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ yunifásítì ni mí níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n pè mí sí àpérò kan tí yóò wáyé nínú ọgbà Yunifásítì Pánámà ní òpin oṣù kẹwàá, owó tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún ibi tí n ó sùn kò pọ̀. Mo rí hòtẹ́ẹ̀lì kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ní àdúgbò Calidonia. Mo rí òmíràn tí ó kọjú sí òkun ní Avenida Balboa, òun wọ́n díẹ̀ jù ú lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wo méjèèjì, pé Casco Viejo ni kí n wọ̀ sí nítorí pé ibẹ̀ ni ó lẹ́wà jù. N kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú náà, n kò sì gbọ́ èdè Sípéènì. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá olùkọ́, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Kí n tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú: àdúgbò ni ẹ ó kọ́kọ́ yàn, hòtẹ́ẹ̀lì yóò sì tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ni í máa wo àwòrán yàrá, tí wọ́n á wo bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n á wo balùwẹ̀, tí wọ́n á sì sanwó. Ìgbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀ tán ni wọ́n ń rí i pé ibi tí iṣẹ́ gbé wọn wá jìnnà sí ibi tí wọ́n sùn, pé kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí oúnjẹ alẹ́ jẹ láìwọ takisí, tàbí pé ọ̀nà tí ó wá sí ẹnu géètì hòtẹ́ẹ̀lì náà kò ṣeé rìn bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí yàrá kò bá dára, ẹ lè ní kí wọ́n fún yín ní òmíràn lójú ẹsẹ̀. Àdúgbò tí kò bá ìrìn yín mu, kò sí ẹni tí yóò bá yín pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ìlú náà ṣe tẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ yé yín. Etí Òkun Pàsífíìkì ni ó wà, ó sì nà gbọọrọ lẹ́bàá omi láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Àwọn ará Sípéènì tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1519 ní ibi tí wọ́n ń pè ní Panamá Viejo lónìí. Ní 1671, Henry Morgan, olórí àwọn ajalèlókun, kó ogun wọ ìlú náà, iná sì jó o run. Ní 1673 ni wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó sí ìwọ̀-oòrùn, lórí ilẹ̀ tóóró kan tí ó yọ sínú òkun, èyí tí í ṣe Casco Viejo tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ. Láti ibẹ̀ ni ìlú ti ń fẹ̀ padà sí ìlà-oòrùn láti ìgbà náà wá: Santa Ana àti Calidonia ni ó tẹ̀lé e, Bella Vista àti El Cangrejo tẹ̀lé ìyẹn, lẹ́yìn wọn ni San Francisco, títí tí ó fi dé Costa del Este, níbi tí àwọn ilé gogoro titun àwọn olówó pọ̀ sí. Pápákọ̀ òfurufú Tocumen ṣì tún wà níwájú sí i ní ìlà-oòrùn, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 24 sí àárín ìlú.

Ọgbà yunifásítì tí ẹ ń lọ wà ní agbedeméjì gbogbo èyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan El Cangrejo. Nítorí náà, kò sí èyíkéyìí tí mo fọwọ́ sí nínú mẹ́ta tí ẹ dárúkọ; El Cangrejo ni kí ẹ wọ̀ sí. Ẹ ó lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí àpérò ní òwúrọ̀, ẹ ó sì lè fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ní ìlú tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ti máa ń dí ojú pópó pa ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ nínú wàhálà ńlá.

Òpópónà tí ó la El Cangrejo kọjá ni wọ́n ń pè ní Vía Argentina. Igi wà lẹ́bàá rẹ̀, ilé oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àwọn kan tilẹ̀ tẹ́ tábìlì síta. Ilé ìtajà oògùn wà níbẹ̀, ọgbà ìṣeré Andrés Bello wà níbẹ̀, níbi tí àwọn òbí ti máa ń mú ọmọ wọn wá ní ìrọ̀lẹ́ bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni ère orí Albert Einstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, gbé wà: orí nìkan, kò lọ́rùn, kò lẹ́sẹ̀, ó sì tóbi débi pé awakọ̀ takisí èyíkéyìí ló mọ ibẹ̀. Bí ẹ bá ṣìnà, orúkọ Einstein tó láti dá yín padà. Àwọn èèyàn máa ń rìn káàkiri àdúgbò yìí títí di alẹ́, ohun tí ó sì yẹ kí ẹ máa wá nìyẹn ju ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lọ: ibi tí àwọn onílé fúnra wọn, obìnrin àti àgbàlagbà pẹ̀lú, ti ń rìn láìbẹ̀rù ní aago 8 alẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin Metro náà wà nítòsí yín. Ọ̀nà àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, òun sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ibùdókọ̀ Vía Argentina àti ibùdókọ̀ Iglesia del Carmen ni àwọn méjì tí ó sún mọ́ El Cangrejo jù. Ẹ ó ra káàdì kan, ẹ ó fi owó sínú rẹ̀, ẹ ó sì máa fi kàn án lára ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà bí ẹ bá ń wọlé. Sẹ́ǹtì 35 owó Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbà ní ọ̀nà àkọ́kọ́ yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí hòtẹ́ẹ̀lì méjì tí owó wọn dọ́gba, èyí tí ó sún mọ́ ibùdókọ̀ Metro ni kí ẹ mú.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí El Cangrejo o. Apá ibi tí wọ́n ń pè ní Vía Veneto ní ilé tẹ́tẹ́ àti ilé ọtí, ariwo sì máa ń wà níbẹ̀ di òru. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni yóò ṣe yín ní ibi, àmọ́ ẹni tí ó ní iṣẹ́ ìwádìí láti kà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ nílò oorun. Ẹ yan hòtẹ́ẹ̀lì tí ó fara ti Vía Argentina, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé yàrá tí kò kọjú sí títì ni ẹ fẹ́.

Ní ti oúnjẹ, inú yín yóò dùn. Àwọn búkà wọn tí wọ́n ń pè ní fonda kò wọ́n rárá tí a bá fi wé ilé oúnjẹ inú hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ béèrè sancocho níbẹ̀: ọbẹ̀ adìẹ olómi ni, iṣu ni wọ́n ń gé sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi ewé kan tí ó ń ta sánsán sí i, wọ́n á wá gbé ìrẹsì funfun tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú ni wọ́n fi ń ṣe patacones. Wọ́n á dín in, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á tún dà á padà sínú epo gbígbóná títí yóò fi gbẹ kárakára. Ẹni tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kò ní í ṣàárò oúnjẹ púpọ̀ níbẹ̀. Nítorí èyí, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa san àfikún owó fún hòtẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣe oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójúmọ́. Oúnjẹ àárọ̀ nìkan tó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí Calidonia. Kì í ṣe àdúgbò burúkú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bà á lórúkọ jẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó wá láti Barbados àti Jàmáíkà láti wá gbẹ́ ipa odò ńlá tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà, èyí tí wọ́n parí ní 1914, pọ̀ ní sàkáání ibẹ̀, ilé ọnà tí ó ń pa ìtàn wọn mọ́, Museo Afroantillano, sì wà níbẹ̀ nínú ilé ìjọsìn àtijọ́ kan. Ẹ má ṣe kúrò ní Pánámà láìdé ibẹ̀. Àmọ́ ọjà àti ṣọ́ọ̀bù ni ó pọ̀ ní Calidonia. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn wọn ní ìrọ̀lẹ́, òpópónà á dá, àlejò tí kò gbọ́ èdè ni yóò sì kù níta. Owó tí ẹ bá fi pamọ́ lórí yàrá ni ẹ ó fi máa wọ takisí ní alaalẹ́. Bí ó bá di dandan pé owó yín kò tó ju ibẹ̀ lọ, ẹ wá èyí tí ó wà nítòsí ibùdókọ̀ Santo Tomás, ní ẹ̀gbẹ́ tí Calidonia ti pààlà pẹ̀lú Bella Vista, kí ẹ sì máa wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti Avenida Balboa, orúkọ òkun ni ó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn lọ síbẹ̀. Òkun wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sí etíkun tí èèyàn ti lè lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Omi ibẹ̀ máa ń kún, ó sì máa ń fà lọ́nà tí ó pọ̀ gan-an. Bí ó bá ti fà, ẹrẹ̀ dúdú ni yóò kù nílẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í dára nígbà mìíràn. Ohun tí ó dára níbẹ̀ ni Cinta Costera, ọ̀nà gbọọrọ ẹ̀bá omi tí wọ́n ṣí ní 2009, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń rìn, tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Láti El Cangrejo, ẹ lè lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ sì padà. Àmọ́ ẹni tí ó bá sùn ní Avenida Balboa ní láti fo òpópónà oníkọ̀ púpọ̀ kọjá nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ dé ẹ̀bá omi náà, ọ̀nà rẹ̀ sí yunifásítì sì jìn ju tiyín lọ.

Oṣù kẹwàá wà lára àwọn oṣù tí òjò ń rọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀sán ni ó sábà máa ń dé, á sì rọ̀ bí ẹni da omi látinú agbada, àgbàrá á gba ojú títì kan. Ẹ̀bá títì tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kò dọ́gba ní ọ̀pọ̀ ibi, ihò gọ́tà tí kò ní ìdérí wà níbòmíràn, nítorí náà bàtà tí kò ń yọ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì máa wo ilẹ̀. Èyí tún jẹ́ ìdí kan sí i tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí hòtẹ́ẹ̀lì wà nítòsí.

Bí ẹ bá balẹ̀ ní Tocumen, Metro ti dé pápákọ̀ òfurufú náà láti 2023, àmọ́ ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ pààrọ̀ ọkọ̀ ní Corredor Sur, ẹ ó tún pààrọ̀ ní San Miguelito kí ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà tí ó ń lọ sí Vía Argentina. Ẹni tí kò ní ẹrù tí ó wúwo lè gbìyànjú rẹ̀ ní ojúmọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú àpótí, ẹ gba ọkọ̀ takisí ti pápákọ̀ tàbí Uber. Takisí aláwọ̀ ìyeyè ti ojú títì kò ní ẹ̀rọ tí ó ń ka owó, nítorí náà ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé. Nǹkan pàtàkì kan tún ni pé nọ́ńbà ilé kò wọ́pọ̀ níbẹ̀: bí a ṣe ń júwe ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí báyìí, ọ̀kánkán ilé epo báyìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn náà ń ṣe é. Ẹ bẹ hòtẹ́ẹ̀lì náà kí wọ́n kọ ìjúwe ọ̀nà ní èdè Sípéènì ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú orúkọ òpópónà àti ohun ńlá tí ó wà nítòsí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ sì fi han awakọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ìyá oníṣòwò ni mí ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ọmọkùnrin mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ńlá. Ó ní ọkọ̀ wọn yóò dé Pánámà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ń bọ̀, a ò sì tíì fojú kàn án láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi àti bàbá rẹ̀ fẹ́ lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí a gba yàrá sí Casco Viejo nítorí pé ibẹ̀ dára, àmọ́ orúnkún ń dun bàbá rẹ̀, kò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àárò ọmọ, ìyá wa. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ fojú gán-án-ní rẹ̀ ní àlàáfíà. Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ Casco Viejo rárá, ẹ pe ọmọ yín kí ẹ bi í ní ìbéèrè méjì. Èkíní, èbúté wo ni ọkọ̀ wọn yóò ti dúró? Ipa odò Pánámà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 80 láti òkun kan sí èkejì. Èbúté Balboa wà ní ẹnu rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ Pàsífíìkì, nínú Ìlú Pánámà fúnra rẹ̀. Èbúté Cristóbal wà ní ẹnu kejì, ní ìlú Colón, ní ọ̀dọ̀ Àtìláńtíìkì. Èkejì, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, ṣé wọn yóò gbà fún un láti sọ̀ kalẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni kì í dúró rárá: wọ́n á dákọ̀ró sínú òkun títí yóò fi kàn wọ́n, wọ́n á gba ipa odò kọjá láàárín wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, wọ́n á sì máa lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣìṣẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún hòtẹ́ẹ̀lì kankan títí tí ẹ ó fi rí ìdáhùn tí ó dájú sí ìbéèrè kejì yìí gbà.

Bí ó bá jẹ́ Balboa ni, Albrook ni mo yàn fún yín. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, èbúté kò jìnnà, ibùdókọ̀ Metro tí ó gbẹ̀yìn ní ọ̀dọ̀ ibẹ̀ wà níbẹ̀, gáréèjì ńlá tí ọkọ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ ti ń gbéra wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìtajà ńlá kan wà tí bàbá lè rìn kiri nínú rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù láìgun nǹkan kan. Kò ní ẹwà Casco Viejo, mo gbà. Àmọ́ ẹwà tí bàbá kò lè rìn dé ibẹ̀ kò wúlò fún un. Àní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ Colón ni ọkọ̀ yóò dúró sí, ẹ má ṣe wọ hòtẹ́ẹ̀lì sí Colón. Ìlú náà ní ìtàn tí ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n olè àti ìpáǹle ibẹ̀ ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Pánámà fúnra wọn. Albrook náà ni kí ẹ sùn, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì Colón ti ń gbéra ní àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ Casco Viejo rèé, kí n lè dáhùn ọ̀rẹ́ olùkọ́ wa Ògbómọ̀ṣọ́ náà pọ̀. Ibẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́. Láti 1997 ni àjọ UNESCO ti kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Bíríkì ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà rẹ̀, ilé alájà tí ó ní báńkóònì onírin wà ní ọ̀tún àti òsì, ààfin Ààrẹ sì wà níbẹ̀, nítorí náà ọlọ́pàá kò wọ́n. Ohun tí àwòrán kì í fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n sọ di hòtẹ́ẹ̀lì kò ní lífìtì, àtẹ̀gùn wọn sì ga. Ilé ọtí tún wà lórí òrùlé lọ́pọ̀lọpọ̀, orin wọn á sì máa dún di ọ̀gànjọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Lẹ́bàá rẹ̀ gan-an ni El Chorrillo wà, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tí iná jó ní oṣù kejìlá 1989, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kógun ja Pánámà, nítorí pé ibẹ̀ ni olú-ilé iṣẹ́ ọmọ ogun Pánámà wà. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ti jìyà púpọ̀, wọ́n ṣì ń bá òṣì jà títí di òní. Kì í ṣe ibi tí àlejò gbọ́dọ̀ ṣèèṣì rìn wọ̀, pàápàá ní alẹ́, láìní ẹni tí ó mọ ibẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igun ọ̀nà kan péré ni ó sì yà á kúrò lára Casco Viejo ní apá ibòmíràn. Ẹ gba ọkọ̀ lọ sí Casco Viejo ní òwúrọ̀, ẹ jókòó ní Plaza de Francia níbi tí omi ti yí yín ká, kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí wọn kò bá gbà fún ọmọ yín láti sọ̀ kalẹ̀, ìrìn àjò yín kò ní láti já sí asán pátápátá. Ní Miraflores, kò jìnnà sí Albrook, wọ́n kọ́ ilé kan tí àwọn àlejò ti ń wo ọkọ̀ òkun bí omi ṣe ń gbé e sókè tí ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ipa odò. Ibi tí àwọn ọkọ̀ ń gbà kọjá sún mọ́ ibi tí àwọn èèyàn dúró sí débi pé ẹ lè rí ojú àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Bí ọmọ yín bá lè sọ ọjọ́ àti wákàtí tí yóò kan ọkọ̀ wọn, ẹ lè juwọ́ sí i, kí ó sì juwọ́ padà sí yín. Lífìtì wà níbẹ̀ fún bàbá. Wákàtí àwọn ọkọ̀ máa ń yí padà lójijì, nítorí náà ẹ gba yàrá tí ẹ lè fi ọjọ́ kún tàbí tí ẹ lè sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú láìsan owó ìtanràn. Inú ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ẹ yàn dára, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹrin.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o. Tákie ni mo ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlú Pánámà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, àdúgbò San Francisco ni àwọn àna wà. Ẹni tí ó ń bá wa ṣe ìwé ní kí a san owó hòtẹ́ẹ̀lì tán báyìí, kí físà tó jáde, pé yóò dín owó kù. Ṣé kí a sanwó?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe san án. Físà wà lọ́wọ́ àwọn tí yóò fún yín, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò jáde. Yàrá tí owó rẹ̀ dín kù nítorí pé a ti san án tán ni yàrá tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà bí ìrìn àjò bá yẹ̀. Ẹ gba èyí tí ó jẹ́ pé ẹ lè fagi lé e títí di ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì san owó níbẹ̀ bí ẹ bá dé. Ìwé tí hòtẹ́ẹ̀lì bá fi ránṣẹ́ pé wọ́n ti fi yàrá pamọ́ dè yín ni kí ẹ fi kún ìwé físà yín. Ẹ kọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì náà fúnra yín, ẹ má ṣe gba ẹnu ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ pè wọ́n, ẹ rántí pé wákàtí mẹ́fà ni a fi ṣáájú wọn: bí aago 3 ọ̀sán bá lù ní Tákie, aago 9 àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn.

Ibi tí ẹ yàn tọ̀nà, nítorí pé ilé àna ni ó gbé yín lọ. San Francisco ní ilé oúnjẹ tí ó dára, ọgbà ńlá tí wọ́n ń pè ní Parque Omar sì wà níbẹ̀ fún ìrìn òwúrọ̀. Kò sí Metro níbẹ̀, ọkọ̀ ni ẹ ó máa wọ̀ kiri, nítorí náà ẹ bi àwọn àna ní òpópónà tí wọ́n ń gbé gan-an kí ẹ tó yan hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ mú ni kí ẹ fọkàn sí. Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ni Pánámà ń ṣe àjọ̀dún ìyapa rẹ̀ kúrò lára Kòlóńbíà ní 1903, ọjọ́ kẹrin jẹ́ ti àsíá, àwọn ọjọ́ ìsinmi mìíràn sì tún ń bẹ nínú oṣù náà. Àwọn ọmọ ilé ìwé á tò jáde pẹ̀lú ìlù àti fèrè láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọ́n á ti ọ̀pọ̀ ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í sì í ṣí. Ẹni tí ó bá wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yóò gbádùn rẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ kò ní í lè gbé e jáde. Ẹ bi àwọn àna bóyá ọjọ́ ìgbéyàwó bọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, kí ẹ sì rí i pé pápákọ̀ kò ní í nira dé fún yín ní ọjọ́ tí ẹ ó padà.

Ní ti owó, dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Owó wọn tí í ṣe balboa dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, owó ẹyọ nìkan ni ó sì wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ kó owó kéékèèké lọ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í gba dọ́là 50 tàbí 100, àwọn tí ó sì ń gbà á á máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà ẹni sílẹ̀. Owó orí tó tó ìdá 10 nínú 100 wà lórí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, wọn kì í sì í sábà kà á mọ́ iye tí wọ́n kọ sára àwòrán, nítorí náà ẹ béèrè àpapọ̀ iye kí ẹ tó gbà. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yóò tún béèrè káàdì tí wọn yóò fi di owó díẹ̀ mú títí ẹ ó fi lọ. Iná ibẹ̀ kò tó agbára tiwa, nǹkan bíi fọ́ọ̀tì 120 ni, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sì jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ bíi ti Amẹ́ríkà. Ṣájà fóònù yóò ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ra ohun tí a ń fi ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́, àmọ́ áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù tí ẹ bá gbé láti ilé kò ní í gbóná tó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì bi hòtẹ́ẹ̀lì náà bóyá wọ́n ní áyọ́ọ̀nù tí ìyàwó yín yóò fi lọ aṣọ ẹbí.